Ọgbà Wa Tó Wà Nínú Ahoro

Ilé Tíṣà Kọ́láwọlé,
Òdòlú,
Kàbbà.
13 Nọ̀fẹ́ńbà, 1955.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá John,

Okun o. Okun ilé, okun ọmọ, okun òtútù ọyẹ́ tí mo mọ̀ pé yóò ti máa gbá yín lójú ní Kàdúná báyìí. Ṣé ara yín le? Ṣé Bàbá John ń ti ibi iṣẹ́ rélùwéè dé láìséwu? Ẹsẹ̀ John tí ìgò gún ńkọ́, ṣé ó ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa? Ìyá wa ní Ìyarà wà láàyè, wọ́n sì ní kí n kí yín kíkí ńlá. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì mú débi pé wọ́n ń gbọ́ ohun tí a kò tíì sọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú sí mi pé láti Àjíǹde ẹ kò rí ìwé mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ tí n kò mọ bí n ó ti kọ ọ́ tí ẹ kò ní sọ pé orí Lucy ti dàrú. Kọ́láwọlé ló sọ fún mi lánàá pé kí n kọ ọ́ bó ti rí gan-an, kí n má fi iyọ̀ sí i, kí n má sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Òjò ọdún yìí dá wa lóró. Ó rọ̀ díẹ̀ nínú oṣù Máàṣì, ó tàn wá kí a gbin nǹkan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èbù iṣu jóná sínú ebè. Gààrì di ohun tí ènìyàn ń rí lọ́jà tó ń kí kọjá bí àna. Ẹ sì mọ ibi tí oko wa wà lẹ́yìn odò: ẹni tó bá jáde nílé ní ìdájí, oòrùn a ti gun orí kó tó débẹ̀. Kọ́láwọlé kò lè fi àwọn ọmọ ilé-ìwé sílẹ̀ kó máa lọ lójoojúmọ́, èmi náà sì ní Ọláníran lẹ́yìn, pẹ̀lú Sarah tí kò tíì lè rìn jìnnà. Bí ó ti rí nílé wa náà ló rí nílé àwọn tí ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò. Àárín ìlú là ń gbé, oúnjẹ wa wà nínú igbó.

Rachel, aya Délé tó ń di egbò ní ilé ìwòsàn, ló kọ́kọ́ la ẹnu. A ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́jọ́ kan, ó dúró, ó ní, "Kí ló dé tí a fi ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tó ṣófo láàárín ìlú kọjá, tí a ń lọ wá oúnjẹ lókèèrè? Ahoro tó wà lẹ́yìn ilé Lucy yẹn, ta ló ń lò ó?"

Ẹ̀yin náà rí ahoro náà nígbà tí ẹ wá bá mi wẹ Sarah. Ibi tí ògiri amọ̀ wó sí, tí ewúro hù bò mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé èèwọ̀ ni. Kò ṣáà sí ẹni tó kọ́lé sí i, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ìdí rẹ̀. Àwa mẹ́rin la lọ bá Bàbá Olúbọ̀dé, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ náà: Rachel, èmi, Martha ará Mopa tó ń hun aṣọ, àti Sàlámátù aya alápatà. Bàbá kọ́kọ́ kọjú sí ọ̀nà ahoro náà títí a fi rò pé oorun ló gbé wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹ gbìn ín. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí oúnjẹ wà níbẹ̀." Wọn kò gba obì, wọn kò béèrè ìpín.

Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá rí ilẹ̀ náà! Ó dúdú, ó rọ̀ bí èlùbọ́. Nígbà tí a ń ro ó, a bá ọlọ kan, a bá ààrò tí òkúta rẹ̀ ṣì dúró bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí rẹ̀ ni. A fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí a bá wọn. A pín ilẹ̀ náà, olúkúlùkù sì kọ ebè tirẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ilá, ata, àgbàdo, a gbìn ín pọ̀ mọ́ra. Láàárín gbùngbùn, a kọ ebè ńlá kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, a fi okùn ọ̀dùnkún sí i, a sì fẹnu kò pé ẹni tí ebi bá ká mọ́lé, kó wa ọ̀dùnkún nínú rẹ̀ láìtọrọ. Omi odò la fi ń bomi rin ín títí òjò fi padà. Nítorí iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe, a kì í sábà pàdé níbẹ̀. Sàlámátù a lọ láàárọ̀ kùtù, Martha a lọ nígbà tí ẹ̀yìn bá ń dùn ún nídìí òfì, èmi a lọ lọ́sàn-án bí Ọláníran bá ti sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo kọ́kọ́ rí ìyá àgbà kan nínú ọgbà. Oòrùn mú gidi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sáàárín poro, wọ́n ń fi ọwọ́ tu koríko. Kíjìpá aláró tó ti ṣá ni wọ́n ró. Mo ní, "Okun o, ìyá." Wọ́n ní, "Okun o, ọmọ mi." Èdè Owé ìlú wa tí wọ́n ń sọ jinlẹ̀ bíi ti àwọn arúgbó tí kò kúrò nílé rí. Mo rò ó pé ìyá Rachel ni, nítorí pé oyún Rachel ti tó bí, ó sì yẹ kí ìyá rẹ̀ ti wá dúró tì í. Ìdí nìyẹn tí n kò fi béèrè.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá wọn pàdé. Bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, n kò rí wọn kí wọ́n máa bọ̀ rí, n kò sì rí wọn kí wọ́n máa lọ. Mo máa ń bá wọn níbẹ̀ ni. Mo bu omi fún wọn nígbà kan. Wọ́n gbà á, wọ́n kí mi, wọ́n sì dà á sí ìdí ọ̀dùnkún. Ẹnu mi ni wọ́n máa ń wò, wọn kì í wo ojú mi, bí wọ́n bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò sì ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé gbogbo ilé ti jẹun?"

Lọ́jọ́ kan, ìtìjú mú mi, mo ní a ti jẹun. Àwọn ọmọ nìkan ló jẹun. Èmi àti Kọ́láwọlé ń fi omi tan ara wa jẹ láti àná. Ìyá náà ṣáà ń wo ẹnu mi, wọ́n ń wò ó, títí ara mi fi bù máṣọ. Mo ní, "Rárá, ìyá. A kò tíì jẹun." Nígbà náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi ìka wa ebè àárín, tí wọ́n kó ọ̀dùnkún sínú aṣọ mi. Erùpẹ̀ tó kan ọwọ́ mi láti ọwọ́ wọn tutù bíi ti ìdí àmù, lójú oòrùn yẹn. Mo gbé oúnjẹ mi lọ sílé, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Rachel nínú ọkàn mi pé ó ní ìyá rere.

Rachel bímọ, ọkùnrin. Nígbà tó wà nílé pẹ̀lú ọmọ tuntun, kò sí koríko kan nínú ebè rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu.

Nígbà tí àgbàdo gbó, tí díẹ̀ nínú ọ̀dùnkún náà sì tó kó, a dá ọjọ́ kan kí gbogbo wa lè wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ dúró nínú ọgbà láti ìgbà tí a ti gbìn ín. Inú wa dùn, à ń kọrin, à ń fi Sàlámátù ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ti sanra. Martha pín ẹrù náà sí ọ̀nà mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó tún ṣa òkìtì kan sọ́tọ̀, ó ṣa èyí tó tóbi sínú rẹ̀.

Ó ní, "Èyí ni ti Ìyá. Rachel, bá wa gbé e fún ìyá ọkọ rẹ. Ọlọ́run ni yóò san án fún wọn."

Rachel rẹ́rìn-ín. "Ìyá ọkọ mi kẹ̀? Ìyá Délé ti kú kí n tó wọlé rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ìyá Sàlámátù ni?"

Sàlámátù ní, "Tèmi wà ní Lọ́kọ́ja. Mo ti ń pè é ní ìyá Martha láti ọjọ́ yìí."

Martha ní, "Ìyá mi kò tíì fẹsẹ̀ kúrò ní Mopa lọ́dún yìí."

Ni gbogbo wọn bá kọjú sí mi. Mo ní èmi rò pé ìyá tó bí Rachel ni. Rachel mi orí. Ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn, ó gbá a mọ́ àyà, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bí a ti ń bi ara wa léèrè ni ọ̀rọ̀ náà ń tutù sí i. Gbogbo wa ti rí wọn. Gbogbo wa ni wọ́n ti bi ní ìbéèrè kan náà. Sàlámátù ní nígbà tí òun sọ pé ilé òun ti yó, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, òun yíjú sí ata, nígbà tí òun yíjú padà, òun kò rí ènìyàn mọ́. Òun rò pé wọ́n ti gba ẹ̀yìn ògiri kọjá ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ògiri náà kò ga dé orúnkún.

A lọ bá Bàbá Olúbọ̀dé. Kí a tó parí ọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Kí ló máa ń bi yín?" A sọ ọ́. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé itan. "Ìyá Ọmọ́níyì," ni wọ́n wí, bí ẹni tó ń dá ènìyàn tó wọlé mọ̀.

Wọ́n wá sọ fún wa pé lẹ́yìn ogun Jámánì àkọ́kọ́, àrùn ikọ́ àti ibà kan jà ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Ẹni tó lè rìn sá lọ sóko. Ilé Ìyá Ọmọ́níyì, èyí tó di ahoro yẹn, nìkan ni kò lè sá, nítorí pé àrùn náà dá gbogbo wọn dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bàbá, ìyá, ọmọ.

Bàbá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe àrùn ló pa wọ́n. Ara wọn ti ń yá. Ebi ni. Ọdún yẹn iṣu ta ní oko wọn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ó kún inú àká, ṣùgbọ́n ta ni yóò rìn lọ mú un wá? Èmi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ padà sílé. Ojú ọ̀nà oko la ti bá ìyá náà. Ó ti ń rákò lọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kún fún erùpẹ̀. Nígbà tí a dé inú ilé, ìkòkò wà lórí ààrò, omi lásán ló wà nínú rẹ̀."

Kò sí ẹni tó gbé òkìtì karùn-ún náà lọ sílé. Ibẹ̀ ló wà lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí mo yọjú láti ojú fèrèsé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ ewúrẹ́. N kò lọ wò ó.

Bí a ṣe pa ọgbà náà tì nìyẹn. Délé ní aya òun kò gbọdọ̀ gbé ọmọ tuntun débẹ̀ mọ́. Àlùfáà wa ní ẹni tó ti kú ti sinmi, kí a gbàdúrà kí a sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. A gbàdúrà, ẹsẹ̀ kò gbé wa lọ. Ọkọ Sàlámátù ní kí málàmù ṣe àdúà fún òkú. Kọ́láwọlé tó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, òun náà ló wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀ ná. Koríko gba ọgbà tí a fi òógùn dá, oúnjẹ ń rà sínú ilẹ̀, a sì padà sí ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ oníṣu.

Nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ibà dé ilé wa. Kọ́láwọlé ló kọ́kọ́ wólẹ̀, Sarah tẹ̀lé e, Ọláníran, lẹ́yìn náà èmi. Ilé-ìwé ti gba ọlidé. Àwọn ará àdúgbò ti kó lọ sùn sóko nítorí iṣu tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Rachel àti Délé ti gbé ọmọ lọ han àwọn ẹbí ní Ìkòyí ti ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, Martha wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Sàlámátù náà sì wà lọ́dọ̀ tirẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. A pe orúkọ ènìyàn láti inú yàrá títí ohùn fi tán, adìyẹ àwọn aládùúgbò nìkan ló ń dáhùn. Nígbà tí ibà náà fi máa sọ wá kalẹ̀, kò sí ohun tó kù nínú ilé tí a lè fi sẹ́nu. Ọláníran kò sunkún mọ́. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn, pé kò sunkún mọ́.

Ọ̀sán gangan ni. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn wà ní àbáwọlé. Mo rí i tí ìmọ́lẹ̀ náà ṣú díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá dúró sẹ́nu ọ̀nà. N kò rí ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ti ń gbọ́ ohùn yín: "Ṣé gbogbo ilé ti jẹun?"

Kọ́láwọlé gbọ́ ọ pẹ̀lú. Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní, "Rárá o."

Ìmọ́lẹ̀ náà padà sí ẹnu ọ̀nà. N kò mọ ibi tí agbára ti wá. Mo rákò jáde, mo di ògiri mú, mo tún rákò. Ahoro náà kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní oko ni, n kì bá tí dé. Mo rò pé inú igbó ni n ó wọ̀. Igbó wà lóòótọ́ lórí ebè tèmi àti ti àwọn yòókù, ó ga. Ṣùgbọ́n ebè àárín mọ́ tónítóní. Wọ́n ti tu koríko rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù, nígbà tí òjò kò tíì rọ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Mo dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, mo ń fi ìka wà á. Ọwọ́ mi kò lágbára. Bí mo ti ń wà á láti apá tèmi, mo rí i tí erùpẹ̀ ń mì, tó ń ya, láti apá kejì. Mo dúró; kò dúró. Mo tún ti ọwọ́ mi bọ inú ilẹ̀, ìka mi sì kan ìka. Ó tutù, ó ṣe yangí yangí bí ọwọ́ àgbẹ̀. Ó ti ọ̀dùnkún kan sí mi lọ́wọ́, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. N kò ké. N kò ní ohun tí mo lè fi ké. Mo gbà á, mo sì tún na ọwọ́ fún òmíràn.

Mo sè é. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ omi, mo fi ìka tọ́ ọ sí Ọláníran lẹ́nu títí ó fi gbé e mì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. A jọ sunkún ni. Kọ́láwọlé wo èékánná mi tó kún fún erùpẹ̀, ó sì na ọwọ́ gba tirẹ̀. Ọ̀dùnkún náà la ń jẹ títí àwọn ènìyàn fi ti oko dé.

Nígbà tí ara Kọ́láwọlé yá, kò dúró dè mí. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sínú ahoro, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán koríko níṣojú gbogbo àdúgbò, tíṣà tó ń sọ fún ọmọ pé iwin kò sí. Mo sọ ti ìka náà fún Martha nìkan. Ó dìde, ó ní, "Jẹ́ kí n lọ mú ọkọ́ mi wá." Sàlámátù padà, Rachel padà, Délé alára ló gbé ọmọ tẹ̀lé e. Ẹ̀wà wa ti ń yọ òdòdó báyìí, àwọn ará ìsàlẹ̀ Òdòlú sì ti wá bẹ Bàbá Olúbọ̀dé fún apá tó kù. Ẹ̀yin mọ̀ mí, n kì í gba irú ọ̀rọ̀ báyìí gbọ́, n kò sì mọ ohun tí mo gbà gbọ́ báyìí. A kò rí ìyá náà mọ́ láti ìgbà yẹn. Àwọn kan ń dúpẹ́. Èmi máa ń pẹ́ díẹ̀ nínú ọgbà lọ́sàn-án.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí gan-an nìyí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ń gbé láàárín àlejò ní Kàdúná, ọjà ni ẹ ti ń ra ohun gbogbo, títí dórí ata. Mo rántí ilẹ̀ kékeré tó wà láàárín ìdáná yín àti ilé ìwẹ̀, ibi tí Bàbá John ń to irin sí. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó irin náà kúrò. Mo fi hóró ilá àti ti tẹ̀tẹ̀ rán awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá, ó wà nínú aṣọ pupa. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé owó oṣù ń wọlé. Ọjọ́ kan lè wà tí gbogbo ilé yóò dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí owó yóò wà nínú àpótí tí kò ní sí ẹsẹ̀ tí yóò gbé e lọ sọ́jà. Ẹ gbin nǹkan sí ibi tí aláìsàn lè rákò dé.

Ẹ bá mi kí Bàbá John, kí ẹ fẹnu ko John lẹ́nu fún mi. Kọ́láwọlé, Sarah àti Ọláníran ń kí yín. Martha àti Rachel náà ń kí yín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí èsì,
Lucy.